Ṣéènì ọ̀kadà tí kì í le pẹ́: kí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ká tó náwó?

Ọlọ́kadà Ṣakí:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kadà 100cc ni, èrò méjì àti àpò iṣu ló ń gbé lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Tí a bá fa ṣéènì rẹ̀ le láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí a fi ìka gbé e láàárín tó lọ sókè sódò ní mìlímítà 25, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó ti di 50, ó ti ń lu irin fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn (apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú) gbàgbàgbà. Ṣéènì náà ò tíì ju oṣù méjì lọ, ṣùgbọ́n sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí) àtijọ́ la fi sílẹ̀ fún un. Ẹnì kan ní kí n gé ojú ṣéènì kan kúrò, ẹlòmíràn ní kí n ra ṣéènì mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Ẹ má gé nǹkan kan, ẹ má sì tíì ra nǹkan kan. Ohun méjì ló máa ń mú ṣéènì dẹ̀ ṣáá: yálà táyà ẹ̀yìn ń sún síwájú, tàbí ṣéènì àti eyín tó ń gbé e ti jẹ. Oògùn wọn ò papọ̀. Ẹni tó bá ra ṣéènì tuntun fún táyà tó ń sún, ọjọ́ kẹta ni yóò tún padà wá sídìí rẹ̀.

Ẹ ra kútẹ́ẹ̀sì pupa tàbí funfun tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa ṣéènì le dáadáa, ẹ fi asọ nu ibi tí ọ̀pá táyà ti wọ fọ́ọ̀kì, lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Ẹ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara irin ìfà (irin tó di ìdí ọ̀pá táyà mú, tí bọ́ọ̀tì ìfà fi ń fa ṣéènì le) bọ́ sí ara fọ́ọ̀kì. Ẹ fa òmíràn láti orí nọ́ọ̀tì ọ̀pá táyà bọ́ sí ara wáṣà abẹ́ rẹ̀. Ẹ fa ẹ̀kẹta láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀tì ìfà bọ́ sí ara irin tó jókòó lé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ fún ọjọ́ méjì bí ẹ ti ń ṣe.

Tí ìlà bá ti já, tí apá méjèèjì ò bá ara wọn mu mọ́, táyà ló sún. Tí ìlà bá wà bó ṣe wà, tí ṣéènì sì ti dẹ̀, ẹ fi ọ̀pá táyà sílẹ̀, ẹ lọ wo ṣéènì, eyín àti họ́ọ̀bù (irin àárín táyà).

Ọmọ Ìṣirò:
Ọ̀gá Mọ́kọ́lá ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà tì í lẹ́yìn.

Àwa èèyàn máa ń sọ pé ṣéènì "nà". Irin rẹ̀ kì í nà bíi rọ́bà. Ojú kọ̀ọ̀kan ní pínnì tó ń yí nínú ihò, iyanrìn àti àìrí ọ́ìlì ló ń jẹ pínnì yẹn àti ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, ṣéènì 428 ni wọ́n ń lò, àárín pínnì kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 12.7. Tí ṣéènì bá ní ojú 120, gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,524. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá jẹ ní ìdá mẹ́rin mìlímítà kan péré, èyí tí ojú èèyàn kì í tètè rí, ṣéènì ti fi mìlímítà 30 gùn sí i. Nítorí pé apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ló pín in, táyà yóò padà sẹ́yìn ní mìlímítà 15 kó tó tún le.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ ṣí ìbòrí ṣéènì, ẹ fà á kó nà tààrà, ẹ mú tépù irin káfíńtà (ẹ má lo ti télọ̀, aṣọ ni, ó ń nà). Ẹ ka pínnì 21, ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín pínnì àkọ́kọ́ dé àárín ìkọkànlélógún. Tuntun yóò jẹ́ 254. Tó bá ti dé 259, ó ti parí nìyẹn, ẹ má fa òun mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ṣéènì náà, torí kì í jẹ dọ́gba. Èyí tó gùn jù ni kí ẹ gbà.

Alùpùpù_Ọ̀wọ̀:
Èyí tí kò gba tépù: ẹ lọ sẹ́yìn sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn gan-an, níbi tó jìnnà jù sí ẹ́ńjìnnì, ẹ di ṣéènì mú, ẹ fà á sẹ́yìn kúrò lára eyín. Tí ẹ bá rí ju ìlàjì eyín kan lọ lábẹ́ rẹ̀, ṣéènì ti lọ.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Bẹ́ẹ̀ ni. Kí n tó gbàgbé, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Mo ń wí i torí mo rí àwọn tó ń fi jíà kìíní sílẹ̀ kí táyà máa yí fúnra rẹ̀, tí wọ́n wá ń fi asọ nu ṣéènì. Ṣéènì á gbá asọ mú, asọ á fa ọwọ́ lọ, ìka á sì lọ sáàárín eyín àti ṣéènì. Kò sí sípánà tó ń tún ìka ṣe. Fíríì ni kí jíà wà, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò, ọwọ́ yín ni ẹ ó fi máa yí táyà.

Ará Pọ́bẹ̀:
Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Níbí náà, àwọn ọlọ́kadà wa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí erùpẹ̀ pupa bá bo ọ̀nà. Mo fẹ́ fi kún un pé bí a ṣe ń fa ṣéènì gan-an wà lára ohun tó ń bà á jẹ́.

Ibi mẹ́rin ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ibi kan. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáǹdì ńlá, ẹ yí táyà ní ìdá mẹ́rin, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún yí i, títí yóò fi pé. Ibi tó bá le jù lọ ni ẹ ó fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹni tó bá fi ibi tó dẹ̀ jù ṣe òdiwọ̀n, ibi tó le yóò le ré kọjá, á máa fa ọ̀pá jíà àti bẹ́ríìnì táyà ya.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì jókòó sórí rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá gbé èrò, kí ẹ tún fi ìka gbé ṣéènì. Bí ẹrù bá ṣe ń tẹ ọ̀kadà sílẹ̀ ni fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ń gbéra, ìgbà tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ìdí fọ́ọ̀kì àti ọ̀pá táyà bá wà lórí ìlà kan ni ṣéènì máa ń le jù. Tí kò bá sí ìdẹ̀ kankan mọ́ lákòókò yẹn, ẹ ti fà á jù. Èrò àti iṣu yóò máa fa pínnì rẹ̀ ya ní gbogbo kòtò tí ẹ bá bọ́ sí, ṣéènì tí ẹ fà jù láàárọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ dẹ̀ lálẹ́.

Ọlọ́kadà Ṣakí:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mìlímítà 25 yẹn dára?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Fún ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, 20 sí 30 ni ìwé ẹ̀rọ máa ń sọ. Ẹ wo ìwé tiyín tàbí ìlẹ̀mọ́ tó wà lára fọ́ọ̀kì. Fún ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo, ọ̀dọ̀ 30 ni kó dúró sí. Ṣéènì tó dẹ̀ díẹ̀ ń pariwo, ṣéènì tó le jù ń pa bẹ́ríìnì.

Bí ẹ ó ṣe fà á: ẹ yọ pínnì ẹlẹ́nu méjì tó wà lórí nọ́ọ̀tì ọ̀pá táyà tó bá ní, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, kò gbọdọ̀ bọ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó di irin bíréèkì mọ́ fọ́ọ̀kì díẹ̀, torí òun náà lè má jẹ́ kí táyà rìn. Ẹ wá yí bọ́ọ̀tì ìfà ọ̀tún àti òsì ní iye kan náà, ìdá mẹ́rin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀tì M6 (tó sanra ní mìlímítà 6), yíyí kan pé pérépéré máa ń gbé táyà ní mìlímítà 1. M8 máa ń gbé e ní 1.25. Ìyẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n mìlímítà 1 níbi táyà lè sọ ìdẹ̀ 25 di 50 láàárín ṣéènì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo kútẹ́ẹ̀sì.

Kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì ńlá, ẹ ká asọ nípọn, ẹ fi há àárín ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ẹ yí táyà síwájú kí asọ há. Yóò fa ọ̀pá táyà síwájú kó fara ti bọ́ọ̀tì ìfà méjèèjì gírígírí. Ẹ dè é bó ṣe wà yẹn, kí ẹ wá yọ asọ. Ẹni tí kò bá ní sípánà tó ń ka agbára, kó lo èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, kó fi agbára tó tó gbé ẹrù kílò 20 fà á ní ìparí. Ẹ de irin bíréèkì padà, ẹ fi pínnì tuntun sí i, ẹ má lo ti àtijọ́ tó ti rẹ̀.

Táyà tó bá padà sẹ́yìn ti fa bíréèkì ẹ̀yìn le pẹ̀lú. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá bíréèkì títí pẹ́dà yóò fi lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kó tó mú. Tí ẹ ò bá ṣe é, bíréèkì yóò máa fara kan họ́ọ̀bù lójú ọ̀nà, á gbóná, ẹ ó wá rò pé ẹ́ńjìnnì ni kò fà.

Ìyá Onípáàtì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdí àtẹ. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ṣéènì kí ẹ tó kúrò nílé. 420 àti 428, gígùn ojú wọn dọ́gba, 12.7 ni méjèèjì, ṣùgbọ́n inú 420 fẹ̀ ní mìlímítà 6.35, inú 428 fẹ̀ ní 7.94. Ẹni tó bá gbé 428 sórí eyín 420, ṣéènì á máa jó lọ́tùn-ún lósì. 420 kò sì ní wọ orí eyín 428 rárá. H tó tẹ̀lé nọ́ńbà, bíi 428H, ń sọ pé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn ju ti lásán lọ. Ẹni tó ń gbé iṣu, H ni kó béèrè.

Ẹ ka iye ojú àti iye eyín tiyín pẹ̀lú. Ẹ má gba "ó jọ ọ́".

Ní ti gígé ojú kan, ẹ má ṣe é. Ojú tó sanra àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń tẹ̀ lé ara wọn, tí ẹ bá gé ẹyọ kan, ìdí méjì tó bá kù kò ní bá ara wọn mu, méjì ni wọ́n ń gé. Àní tí ẹ bá gé méjì, ojú tó kù ti gùn ju àyè eyín lọ, yóò máa gun orí eyín dípò kó jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá fò lórí òkè ni ẹ ó mọ̀.

Ọmọ Ìṣirò:
Ohun tí Ìyá sọ yìí ló dé tí ṣéènì tuntun lórí eyín àtijọ́ fi ń tètè kú. Eyín àtijọ́ ti bá ṣéènì tó gùn mu. Tuntun tí ojú rẹ̀ ṣì kúrú bá dé orí rẹ̀, eyín kan tàbí méjì ní yóò máa gbé gbogbo ẹrù tó yẹ kí ọ̀pọ̀ pín gbé. Ti iwájú ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí iwájú bá ní eyín 14, tí ẹ̀yìn ní 42, eyín iwájú kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀yìn. Ẹ ṣí ìbòrí rẹ̀, ẹ wò ó: eyín tó dára dọ́gba lọ́tùn-ún lósì; èyí tó ti jẹ yóò mú ṣóńṣó, yóò sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èékánná àwòdì.

Ará Pọ́bẹ̀:
Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí ṣéènì. Ọ́ìlì yẹn dúdú torí pé ẹ̀fín àti ẹ̀rún irin ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rún irin yẹn sì ni ẹ ń fi pa pínnì. Gíríìsì náà ò dára: ìta ló ń dúró sí, kì í wọ inú ihò, ó sì ń gbá iyanrìn mọ́ra títí yóò fi dà bí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ọ́ìlì jíà SAE 90 tuntun ni kí ẹ lò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ àti kẹrosíìnì fọ ṣéènì, ẹ nù ún gbẹ. Bẹntiróòlù lè gbiná, ó sì ń ba rọ́bà jẹ́ nínú ṣéènì tó bá ní rọ́bà róbótó láàárín ojú rẹ̀. Irú ṣéènì bẹ́ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírin ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ kán ọ́ìlì sí apá inú ṣéènì ìsàlẹ̀, sáàárín irin ẹ̀gbẹ́ àti róólà (irin róbótó tó ń yí lára pínnì), kí yíyí ṣéènì lè tì í wọnú jáde. Alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ló dára jù. Ẹ jẹ́ kó máa wọnú rẹ̀ di àárọ̀, kí ẹ nu èyí tó kù lójú kúrò. Kìlómítà 500 lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá la omi kọjá, alẹ́ ọjọ́ náà ni.

Ọlọ́kadà Ṣakí:
Mo ti ṣe é. Ìlà kútẹ́ẹ̀sì ọ̀tún wà bó ṣe wà. Ti òsì, níbi tí ṣéènì wà, ti já: irin ìfà ti sún síwájú ní nǹkan bíi mìlímítà 1. Bọ́ọ̀tì ìfà òsì, nọ́ọ̀tì kan ló wà lórí rẹ̀. Ti ọ̀tún ní méjì. Nọ́ọ̀tì ọ̀pá táyà kò yí. Pínnì 21 jẹ́ 257. Ìdẹ̀ níbi mẹ́rin: 50, 48, 38, 50. Eyín iwájú ti mú ṣóńṣó, ti ẹ̀yìn ṣì dára díẹ̀.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fún un ní iná, ṣéènì ń fa ọ̀pá táyà òsì síwájú. Bọ́ọ̀tì ìfà ló yẹ kó dá a dúró, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kejì tó ń ti àkọ́kọ́ pa ti sọnù, gbígbọ̀n ọ̀nà sì ń tú èyí tó kù. Yíyí kan ṣoṣo, mìlímítà 1 nìyẹn. Ẹ lọ ra nọ́ọ̀tì M6 kan (tàbí M8, ẹ mú bọ́ọ̀tì náà dání), ẹ dì í lé àkọ́kọ́ kí ẹ fi sípánà méjì tì wọ́n pa. Ẹ wo òkè bọ́ọ̀tì bóyá òrùka ara rẹ̀ tí nọ́ọ̀tì ń yí lé ti fá, ẹ sì wo irin tó bo ẹnu fọ́ọ̀kì bóyá ó ti tẹ̀ wọnú.

Nọ́ọ̀tì ọ̀pá táyà tí kò yí tí táyà sì tún rìn, kò fún fọ́ọ̀kì dáadáa ni. Ẹ yọ ọ̀pá jáde kí ẹ wo páìpù kékeré tó ń wà láàárín bẹ́ríìnì méjèèjì nínú họ́ọ̀bù. Tí ẹnì kan bá ti yọ ọ́ sọnù, tàbí tí wọ́n fi kúkúrú sí i, nọ́ọ̀tì yóò máa fún bẹ́ríìnì dípò fọ́ọ̀kì. Àmì rẹ̀ ni pé táyà á máa le láti yí tí ẹ bá ti de nọ́ọ̀tì tán.

Ọmọ Ìṣirò:
Ẹ wo òǹkà náà. Láti 254 dé 257, ìdá 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lára ṣéènì ojú 120, mìlímítà 18 nìyẹn láàárín 60 ọjọ́. 0.3 ni lóòjọ́, 0.6 ní ọjọ́ méjì. Táyà tó sún ní mìlímítà 1 ń dá 2 padà fún ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà ló jẹ̀bi jù, eyín iwájú ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Nọ́ọ̀tì kan ni yóò gba ìpín tó pọ̀ jù kúrò.

Alùpùpù_Ọ̀wọ̀:
Mo fẹ́ kó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ báyìí. 38 àti 50 ti jìnnà síra jù.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Ó ṣì lè lò ó díẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó ra eyín iwájú nìkan kó fi sí ṣéènì 257 yìí. Ṣéènì náà á jẹ ẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Kó máa tọ́jú owó sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (ṣéènì, eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn), kó máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì. Tó bá ti dé 259, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ibi tó le, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí ṣéènì níbẹ̀ àti sí eyín ẹ̀yìn tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa yí táyà. Tó bá le ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí kan pé, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ni kò jókòó sáàárín, ẹ wo bọ́ọ̀tì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn bíi yíyí mẹ́ta ni, nígbà tí àmì ṣéènì bá padà dé, ojú ṣéènì kan ló ti gan. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ibẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, ẹ fi ọ́ìlì sí i. Tó bá kọ̀, ẹ má dúró de 259.

Ìyá Onípáàtì:
Ọjọ́ tó bá pààrọ̀ rẹ̀, kó wo kílíìpù ìsopọ̀ dáadáa. Lórí apá òkè ṣéènì, orí tó dí ni yóò kọjú síwájú, ẹnu tó là ni yóò kọjú sẹ́yìn. Tó bá yí i padà, ohunkóhun tó bá kọ lù ú lójú ọ̀nà lè tú u. Ṣéènì tuntun máa ń jókòó ní kìlómítà 300 sí 500 àkọ́kọ́, nítorí náà tó bá dẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn, kó fà á lẹ́ẹ̀kan, kó tún ìlà kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fà.